Láti Èbúté ni Ìṣirò Kùsà ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn tó ń wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ kùsà àtijọ́ kì í wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á mú fáìlì tó ti gbó dání, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti ká tí wọ́n ti tú títí tí ojú ìká rẹ̀ fi ń ya, àti àpò kékeré kan tí iyanrìn dúdú inú rẹ̀ wúwo kọjá bó ṣe tóbi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn kì í sì í yàtọ̀: "Ẹnjiníà, tánńganran ṣì pọ̀ níbẹ̀ o! Òyìnbó ò kó o tán." Bóyá òótọ́ ni. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n wa kùsà kan gbẹ pátápátá kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ohun tí èmi máa ń béèrè ni pé, kí ló dé tí àwọn tó mọ ibẹ̀ jù wá lọ, tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ, ọ̀nà àti iná níbẹ̀, fi palẹ̀ mọ́ tí wọ́n sì lọ? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí yẹn ni mo máa ń wá kí n tó wo iyanrìn. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, yóò lé ẹni tó dé lónìí lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe lé ẹni àná lọ.

Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, Malu Road ló so méjèèjì pọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ àlùmọ́ọ́nì wò nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní Creek Road àti lápá Ìjọrà kí wọ́n tó dì í sínú kọ̀nténà: tánńganran tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní tíìnì, kọ́lọ́ńbáìtì, òjé, síńkì. Ẹni tó bá ń rí àwọn àpò wọ̀nyí lójoojúmọ́ yóò mọ ohun tí ẹni tó dúró sí ẹnu kòtò ní Jọ́ọ̀sì lè má tètè mọ̀, pé ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ kùsà ń kú sí, láàárín ẹnu kòtò sí ẹnu ọkọ̀ ojú omi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe ìṣirò mi láti ẹ̀yìn wá. Iye tí wọ́n ń ta tánńganran kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Ní London Metal Exchange ni wọ́n ti ń dá a lójoojúmọ́. Ká ní tọ́ọ̀nù kan ń lọ ní 30,000 dọ́là. Iyanrìn tánńganran tó mọ́ kedere, tí nǹkan kan kò dà á pọ̀, kò lè ní ju ìdá 78.8 nínú ọgọ́rùn-ún tánńganran lọ, nítorí ọ́síjìn ló kó ìyókù. Ká wá ní èyí tó dé Àpápá jẹ́ ìdá 65. Kílò 650 ló wà nínú tọ́ọ̀nù iyanrìn kan nìyẹn, owó rẹ̀ sì jẹ́ 19,500 dọ́là lórí ìwé.

Ibẹ̀ ni inú oníbàárà máa ń dùn sí, ibẹ̀ náà ni èmi sì ti máa ń fa kálámù yọ. Ilé ìyọ́rin kò ní sanwó gbogbo kílò 650 yẹn. Wọ́n á yọ ohun tí iná yóò jẹ. Wọ́n á yọ owó iṣẹ́ wọn. Bí irin, àséníìkì tàbí bísímọ́ọ̀tù bá pọ̀ jù nínú ẹrù, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Owó ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, ìbánigbófò wà níbẹ̀, owó ẹni tí olùrà rán wá yẹ ẹrù wò wà níbẹ̀. Owó èbúté, owó ejẹ́ǹtì, owó kọ̀nténà. Tírélà láti Jọ́ọ̀sì dé Àpápá. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà. Ìgbà tí a bá yọ gbogbo èyí tán ni a tó mọ iye tó kù fún kòtò náà láti fi ra dísù, láti fi sanwó òṣìṣẹ́, tún ẹ̀rọ ṣe, san èlé báńkì, kó sì dí ilẹ̀ padà nígbẹ̀yìn. Bí iye tó kù kò bá tó ṣe ìyẹn, kò sí èrè níbẹ̀, bó ti wù kí tánńganran pọ̀ tó lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn àgbà tó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àfi bíi pé wọ́n ti ta àlùmọ́ọ́nì rí.

Ṣùgbọ́n ká tó ṣírò ohunkóhun, ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú àpò. Mi ò kì í fi ẹ̀kúnwọ́ kan tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ṣà wá ṣèdájọ́. A máa ń tẹ́ tapólì sílẹ̀, a ó da iyanrìn náà lé e kó di òkìtì olórí ṣóńṣó, a ó tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tẹ́, a ó fi pákó pín in sí mẹ́rin. Apá méjì tó dojú kọ ara wọn, a ó kó wọn kúrò. A ó po apá méjì tó kù pọ̀, a ó tún pín in, a ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi ku ìwọ̀n tó lè wọ agolo mílíìkì. Ìwọ̀n yẹn ló lè jẹ́rìí fún gbogbo òkìtì.

Kí ó tó lọ sí láàbù, ìdánwò kan wà tí àwọn ògbólógbòó Jọ́ọ̀sì fi kọ́ni, tí n kì í fò dá. Mo máa ń bó ara bátìrì tọ́ọ̀ṣì, nítorí síńkì ni awọ rẹ̀. N ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, n ó da hóró iyanrìn díẹ̀ sí i, n ó wá kán ásíìdì lé e lórí. Yóò máa hó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, n ó fi omi ṣàn án, n ó da hóró náà sórí bébà funfun. Hóró tó bá jẹ́ tánńganran á ti wọ àwọ̀ eérú, bí a bá sì fi aṣọ nù ún, á máa dán bíi fàdákà. Èyí tí kì í bá ṣe òun á dúdú bó ṣe wà. Ọkùnrin kan tó ti fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀ kó lè ra ẹ̀rọ ìwakùsà dúró tì mí lọ́jọ́ kan tí mo ṣe ìdánwò yìí fún un. Hóró méjì ló yí àwọ̀ padà nínú mẹ́wàá. Ìyókù jẹ́ iyanrìn irin tó wúwo lásán, irú èyí tí ojú kò lè fi dá mọ̀ yàtọ̀. Ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè tún un ṣe?" Mo tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Ilé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Iyanrìn Jọ́ọ̀sì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mọ́násáìtì máa ń bá tánńganran àti kọ́lọ́ńbáìtì rìn, tọ́ríọ́ọ̀mù sì wà nínú mọ́násáìtì, ó ń tú ìtànṣán jáde. Ìwé àṣẹ Nigerian Nuclear Regulatory Authority gbọ́dọ̀ wà lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí ìtànṣán rẹ̀ bá kọjá ààlà, ó bọ́ sí abala keje nínú àwọn ẹrù eléwu nìyẹn, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kì í sì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo ti rí ẹrù tó pé, tó mọ́, tí olùrà ti wà nílẹ̀ fún, tó jókòó sí Àpápá nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan.

Ìwé àtijọ́ gan-an ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Ẹnìkan á fi ìka tọ́ka sí ojú ìwé kan: "Ẹ wo bí wọ́n ṣe wà á tó lọ́dún 1943." Mo máa ń ní kó jókòó, nítorí ọdún yẹn gba àlàyé.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ ará òkè Jọ́ọ̀sì ní tánńganran. Àwọn ayọ́rin ní Riruwai ti ń yọ́ ọ kí wọ́n tó dé, àwọn oníṣòwò Hausa ń gbé e kiri ọjà ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni Niger Company sì ti gbúròó rẹ̀ tí wọ́n fi rán èèyàn lọ wá orísun rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, orí èèyàn ni ẹrù ń gbà dé Loko létí odò Benue, kí ọkọ̀ tó gbé e dé òkun. Ilẹ̀ tó lówó lórí nígbà náà kò pọ̀: ibi tí tánńganran ti nípọn gan-an nìkan ló lè san owó alárù. Lọ́dún 1914, rélùwéè kékeré dé Bukuru. Lọ́dún 1927, ojú irin tó ń lọ sí Port Harcourt wọ Jọ́ọ̀sì. Hóró kan kò kún ohun tó wà nínú ilẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ tí àná sọ pé kò lérè di ilẹ̀ tó lérè. Lẹ́yìn ọdún 1929, iléeṣẹ́ NESCO bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi Kurra Falls ṣe iná fún àwọn awakùsà. Ẹni tó bá fẹ́ fi èrè ìgbà yẹn wé tòní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi ibi tí rélùwéè rẹ̀ wà, kó sì sọ ẹni tó ń fún un ní iná.

Ká wá padà sí 1943. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, Japan gba Malaya lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tánńganran wọn ti ń wá. Ogun ń lọ, wọ́n nílò rẹ̀ lójú méjèèjì, wọ́n kọjú sí Jọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn tó lé ní 100,000 ni wọ́n fi ipá kó láti ẹkùn Àríwá, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Tiv, láti wá wa kòtò. Oúnjẹ kò tó, ibùsùn kò dára, otútù òkè náà kò ṣeé fẹnu sọ fún ẹni tó ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà sílé. Èyí ni tọ́ọ̀nù tó wà lójú ìwé yẹn. Owó tó tọ́ tí wọn kò san fún àwọn èèyàn yìí ló jókòó sínú ìwé tó dà bí èrè. Mi ò lè fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ yáwó ní báńkì, n kò sì ní bọ̀wọ̀ fún ara mi bí mo bá ṣe é.

Bákan náà ni ti kọ́lọ́ńbáìtì. Ìgbà kan wà tí àwọn awakùsà ń fọ̀ ọ́ dànù gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí tó ń ba tánńganran jẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ báàlù oníná bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irin tó lè dúró nínú iná, gbogbo ayé yíjú sí Jọ́ọ̀sì, torí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù láyé ti ń jáde. Láti 1952 sí 1955, Amẹ́ríkà ń fi owó ẹ̀bùn kún iye rẹ̀ kí wọ́n lè kó o pamọ́. Àwọn èèyàn padà sórí òkìtì iyanrìn àfọ̀dànù, wọ́n ń tú u. Bí Amẹ́ríkà ṣe dá owó ẹ̀bùn yẹn dúró, ọjà wó. Kò pẹ́ sí i, Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í wa irú irin kan náà ní Araxá, níbi tó ti pọ̀ débi pé ilẹ̀ yẹn nìkan ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ayé dòní. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ ṣí kùsà kọ́lọ́ńbáìtì padà nítorí iye tí bàbá òun tà á nígbà náà, èsì mi kò gùn. Araxá ṣì wà níbẹ̀. Táńtálọ́ọ̀mù, irin mìíràn, tó bá wà nínú kọ́lọ́ńbáìtì rẹ̀ nìkan ló lè dá ọ̀rọ̀ náà padà sí orí tábìlì.

Ní ti tánńganran fúnra rẹ̀, ọjọ́ burúkú rẹ̀ ni ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1985. Fún ọdún púpọ̀ ni International Tin Council, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti ń rà á pamọ́ kí iye rẹ̀ má bàa já. Lọ́jọ́ yẹn, owó tán lọ́wọ́ wọn. London Metal Exchange ti ọjà tánńganran pa, kò sì ṣí i padà títí di 1989. Nígbà tó fi máa di 1986, iye rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Jọ́ọ̀sì ti ń rẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn, nítorí ibi tó rọrùn láti wà ti tán, owó epo rọ̀bì sì ti fa àwọn èèyàn lọ síbòmíràn. Ti 1985 ló wá parí rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tọ́ọ̀nù tánńganran kan kọjá 50,000 dọ́là. Kí oṣù Kẹwàá ọdún náà tó parí, ó ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ 18,000. Ọdún kan náà! Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 sún mọ́ kùsà tánńganran Bisie ní Kóńgò, iṣẹ́ dúró níbẹ̀, iye rẹ̀ fò sókè lọ́jà ayé; ní oṣù Kẹrin, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ ìbọn ní ìlà-oòrùn Kóńgò ló ń pinnu bóyá ẹni tó wà ní Bukuru yóò lè sanwó dísù lóṣù yẹn. Ìdí nìyí tí n kì í fi iye ọjọ́ ayọ̀ ṣe ìṣirò. 18,000 ni mo ń lò. Kílò 650 yẹn di 11,700 dọ́là nìyẹn, ká tó yọ kọ́bọ̀. Kùsà tó bá lè dúró lórí ìyẹn, a lè jọ jókòó sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo kọ̀nténà. Kọ̀nténà ẹsẹ̀ bàtà 20 kan lè gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25. Bí mo bá kó tánńganran sí i ní iye 30,000 tí mo kọ́kọ́ fi ṣàpẹẹrẹ, ẹrù 487,500 dọ́là ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òjé tí a ti fọ̀ títí dé ìdá 60, tí tọ́ọ̀nù òjé sì ń lọ ní 2,000 dọ́là, 30,000 dọ́là péré ni. Tírélà kan náà, ọ̀nà kan náà, agbèrò kan náà. Bí góòlù bá wà ní 4,000 dọ́là lórí áúǹsì kan, ìwọ̀n rẹ̀ tó tó 487,500 dọ́là kò tó kílò mẹ́rin, báàlù ló sì máa gbé e lọ láì mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Àpápá. Láàárín ọdún 2017 sí 2020, nígbà tí tírélà ń tò láti Mile 2 wá, tí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ kí awakọ̀ tó rí ẹnu ọ̀nà èbúté, oní-tánńganran rojọ́, ó sì fara dà á. Oní-òjé kò lè fara dà á. Àwọn kan wà tí ọkọ̀ wọn kò tíì wọlé tí èrè wọn ti tán, tí owó ìdúró wá ń jẹ oókan. Láti oṣù Kejì ọdún 2021 tí Nigerian Ports Authority ti gbé ètò tí wọ́n pè ní Ètò kalẹ̀, tí ọkọ̀ fi ń wọlé lẹ́yìn ìpè, nǹkan ti dẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá mú kùsà òjé wá bá mi, ọ̀nà ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í, kì í ṣe ilẹ̀.

Oní-òjé tún ní abánidíje kan tí kì í rántí. Ẹ wá sí Ajégúnlẹ̀. Lójú ọ̀nà Òjó, àgbàlá irin àlòkù kan wà tí mo máa ń yà sí nígbà tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ìyá tó ni ín jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n, àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke ń já ẹrù sílẹ̀ níwájú rẹ̀: kọ́ńdẹ́ẹ̀mù oríṣiríṣi, ojú fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù, wáyà kọ́pà, ẹ̀rọ ìdáná tó ti jẹrà, bátìrì ọkọ̀. Ó so òòfà mọ́ okùn, ó ń fi kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ sí ọ̀tún, èyí tí kò bá lẹ̀ lọ sí òsì, ojú rẹ̀ á sì yà á sí kọ́pà, idẹ, alumíníọ́ọ̀mù tó le àti èyí tó rọ̀. Ó mọ iye òní ní Àpápá kí èmi tó dé. Ìyá yìí ń wa kùsà. Ìdá tó tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo bátìrì ọkọ̀ ni òjé. Kò sí kùsà kan ní Ebonyi tí òkúta rẹ̀ lápapọ̀ ní tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Ó ju ìdajì òjé tí ayé ń lò lọ tó ń ti inú àlòkù báyìí wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí kùsà òjé padà, àgbàlá irú èyí kárí ayé ló ń bá du ọjà.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé o. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Ìnáwó ni ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sí nínú fáìlì tí wọ́n ń mú wá bá mi. Ẹni tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìṣirò rẹ̀, àwọn òbí àwọn ọmọ náà ló ń gbé e fún.

Omi náà wà. Kùsà tí a fi sílẹ̀ máa ń kún. Ní Cornwall ní Ìlú Ọba, wọ́n ti South Crofty pa ní oṣù Kẹta ọdún 1998 nítorí iye tánńganran tó wálẹ̀. Omi gba gbogbo ibẹ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà jáde, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ kọ́ ilé ìfọmi kí wọ́n tó lè dà á sí odò. Owó ń lọ, hóró kan kò tíì jáde. Ní Jọ́ọ̀sì, omi inú kòtò àtijọ́ ti ní olówó tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń fi í bomi rin pọ̀tétò àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lára tòmátì tí à ń rà ní ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ń ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ fa omi yẹn gbẹ kí ó lè wa tánńganran gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oko olóko ni òun fẹ́ pa. Òfin àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 ní kí ó bá àwọn ará àdúgbò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kùsà tí èrè rẹ̀ kò bá lè san owó oko àwọn wọ̀nyẹn fún gbogbo ọdún tí yóò fi wà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kúrú. Kí ẹni tó fẹ́ ra kùsà lọ sí Mining Cadastre Office ní Àbújá kó lọ wò ó bóyá ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ tà á fún un. Ní ìparí ọdún 2023, ìjọba fagi lé ìwé àṣẹ 1,633 nítorí owó ọdọọdún tí wọn kò san. Mo mọ àwọn tó ṣì ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ tà kiri.

Owó báńkì ló gba sùúrù láti ṣàlàyé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5, ohun tí oníṣòwò ń san nígbà náà sì kọjá 30. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 30 lọ́dọọdún, náírà kan tí kùsà ṣèlérí láti mú wá ní ìparí ọdún kẹrin kò ju kọ́bọ̀ 35 lọ lónìí. Kùsà àtijọ́ tó nílò ọdún méjì ìfami, ọdún kan ìlulẹ̀ àti ọdún kan ìkọ́lé ń fi kọ́bọ̀ 35 bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú irú èlé yìí, kùsà kékeré tó tètè mówó wọlé sàn ju ńlá tó pẹ́ lọ.

Àwọn èèyàn á wá bi mí pé ṣé kò wá sí èyí tó lè yọrí rere ni. Ó wà. Ẹ wo kùsà góòlù Segilola, lẹ́bàá Iperindo nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nigerian Mining Corporation ti lu ilẹ̀ ibẹ̀ wò ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Thor Explorations gbà á ní 2016, wọn kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ìwé àtijọ́ nìkan. Wọ́n tún ilẹ̀ lù, wọ́n mọ̀ pé tọ́ọ̀nù òkúta kan ní góòlù nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin, wọ́n mọ iye ọdún tí kòtò náà lè gbà, kí Africa Finance Corporation tó tú owó sílẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2021 ni góòlù àkọ́kọ́ jáde. Ìlulẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń wá bá mi fẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wá.

Ìmọ̀ràn tí mo fún àwọn ọmọ ìyá méjì kan tó ní ilẹ̀ lẹ́bàá Bukuru nìyí. Tánńganran tó wà lábẹ́ òkúta tó yọ́ jáde láti inú ilẹ̀ tó sì ti dì látijọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá nìkan ló lè dé ibẹ̀, èlé yóò sì pa wọ́n kí wọ́n tó dé e. Òkìtì iyanrìn tí àwọn awakùsà fọ̀ dànù ni kí wọ́n lu ihò sí, torí ọwọ́ àti igbá tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ nígbà náà fi nǹkan sílẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì sí omi láti fà tàbí oko láti pa. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní 18,000 dọ́là, kílò tánńganran kan jẹ́ 18 dọ́là. Lẹ́yìn tí a bá yọ gbogbo ìnáwó ojú ọ̀nà, mo fi 12 sílẹ̀. Láti kó mítà iyanrìn kan níbùú lóròó àti ìjìnlẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì dá a padà síbi tó yẹ, 4 dọ́là ni wọ́n sọ pé yóò ná wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta kílò ni mítà kan gbọ́dọ̀ mú jáde kó tó dọ́gba nìyẹn. Ìfọ̀ wọn kò ní rí ju ìdá 70 kó nínú ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, láti nǹkan bíi 480 gíráàmù lọ sókè nínú mítà kọ̀ọ̀kan ni èrè ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wọn bi mí pé, "Ẹnjiníà, tó bá wá jẹ́ 450 ńkọ́? Ṣé a ò lè fi àdúrà tì í?" Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ń lu ihò náà lọ́wọ́ báyìí, àpò àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ sì ti wà lọ́nà. Mo ti ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì, mo sì ti sọ fún wọn pé láàbù méjì tí kò mọ ara wọn ni yóò yẹ ìyókù wò. Wọn kò gbọdọ̀ san àsansílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kankan kí èsì méjèèjì tó dé.